Abẹ̀bẹ̀ Méjì Ìdí Ọkọ̀ Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì èbúté. Àkọ́bí mi ló mú un wá, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ kà á fún mi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà nílé ìwé, àmọ́ mo ka lẹ́tà náà tán. Omi tí mo gbé kaná gbẹ kí n tó parí rẹ̀, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi mi ń fì sósì tó bá ń sáré. Wọ́n ní àwọn èrò ti wá fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ọ̀gá kan máa wá gùn ún wò, tó bá sì ṣì ń fì, mi ò ní gbé èrò mọ́ láyé mi.

Ta ló fẹjọ́ sùn? Àwọn tí mo ti ń gbé sọdá láti inú ìyá wọn.

Àkọ́bí mi ní, "Màmá, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Bàbá kan wà tó fẹ́ rà á."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló fẹ́."

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi ara ọkọ̀ tí kò lẹ́ńjìnnì ṣe. Wọ́n á dojú rẹ̀ dé sẹ́yìnkùlé, adìyẹ á máa yé sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó jókòó kó jẹun, kó yéé dá mi lágara.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọkùnrin mẹ́fà ló bá mi fa ọkọ̀ gòkè. Wọ́n kérora bí aboyún ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Mo wo ìdí rẹ̀, níbi tí irin méjì tá à ń pè ní abẹ̀bẹ̀ wà. Abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún ṣì le koko. Ti òsì ti dípẹtà, ó ti rà bíi bisikíìtì tó bọ́ sínú tíì, ọ̀pá tó ń tì í sì ti wọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Mo kàn ń fi àwọn èrò tó sanra sápá ọ̀tún ni.

Àbúrò mi obìnrin tẹ̀ lé mi wá. Ó gbé agboòrùn dání bí ẹni tó wá sòde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé irin pẹlẹbẹ méjì yìí náà ni gbogbo ìyọnu yìí?"

Mo ní, "Tábìlì ilé ìdáná tó máa ń mì, kí lo máa ń kì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Bébà."

"Bébà ọkọ̀ nìyẹn. Apá tó bá rẹlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ apá ibẹ̀ á sọ̀kalẹ̀, omi á sì fi í gbé ọkọ̀ sókè."

Ó ní òun ti ń rò látọjọ́ yìí pé ẹnu mi ló ń gbé ọkọ̀ náà dúró.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ìdè irin mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní bóòtì ló di abẹ̀bẹ̀ òsì mú. Mo ti fi ọ́ìlì pa wọ́n láti àná. Mẹ́rin gbọ́ràn. Méjì gbọ́ lẹ́yìn tí mo jẹ wọ́n níyà. Méjì tó kù kán, orí wọn bọ́ sílẹ̀, ara wọn sì wà nínú ọkọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọwọ́ ọ̀tún mi wú.

Àkọ́bí mi gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá." Ẹ pẹ̀lẹ́ kì í tú bóòtì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó wo irin tí mo kó wá, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, wọn ò ṣe irú èyí mọ́. Ọkọ̀ yín ti dàgbà."

Mo ní, "Èmi náà ti dàgbà. Ṣé wọn ò ta bàtà tó bá ẹsẹ̀ mi mu mọ́ ni?"

Ó ní òun á bá mi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Iye tó pè, ìlọ́po mẹ́ta èyí tí mo ra ti tẹ́lẹ̀ ni. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, kí n má baà máa rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Mo fi tapólì bo ìdí ọkọ̀. Atẹ́gùn ká a. Mo tún bò ó. Atẹ́gùn tún ká a. Mo fi òkúta mẹ́rin tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn wá gbé agboòrùn àbúrò mi dípò rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Abẹ̀bẹ̀ tuntun dé. Ó fi ìka méjì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní ohun tí mo wọ̀n fún òun lòun fi ránṣẹ́. Okùn ni mo fi wọ̀n ọ́n. Okùn ló fà, èmi kọ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin. Ó gé e, ó fi ẹ̀rọ gbẹ́ ojú ibi tó gé kó dán, ó tọ́ ọ̀pá tó wọ́, ó tún tẹ̀ lé mi padà sídìí ọkọ̀ láti yọ bóòtì méjì tó kán, a sì de abẹ̀bẹ̀ náà mọ́ àyè rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo gé e." Irú àdúrà wo nìyẹn?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Rọra wá so wáyà tó ti ibi bọ́tìnì níwájú lọ sídìí abẹ̀bẹ̀. Rọra ni gbogbo èbúté ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Láti àárọ̀ ló ti dojú bolẹ̀ nídìí ọkọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ó ní kí n dúró sẹ́yìn kí n máa wò, kí òun lọ tẹ bọ́tìnì níwájú. Látọjọ́ tí mo ti ń wa ọkọ̀ yìí, iwájú ni mo máa ń wà. Mi ò dúró sẹ́yìn rẹ̀ rí kí ẹlòmíì máa tẹ̀ ẹ́.

Ó pariwo, "Bọ́tìnì ọ̀tún rèé o!"

Abẹ̀bẹ̀ òsì ló sọ̀kalẹ̀.

Mo ní, "Dúró, dúró. O ti so ó gba òdì."

"Rárá, Màmá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bọ́tìnì ọ̀tún ń sọ pé kí imú ọkọ̀ tẹ̀ sápá ọ̀tún ni. Abẹ̀bẹ̀ òsì ló lè ṣe ìyẹn, torí pé òun ló máa gbé ìdí apá òsì sókè."

"Irú ilé wo nìyẹn, tí wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n, àbúrò á dáhùn?"

"Ẹ rọra, Màmá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Àtàǹpàkò yín ló pa á rẹ́."

Lóòótọ́, ojú bọ́tìnì náà ń dán bí orí apárí. Ìyẹn tún bí mi nínú.

"Ṣé torí pé mi ò kàwé lo ṣe fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ ìwé kọ́ lèyí."

"Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀, o ò tíì mọ wáyà yàtọ̀ sí okùn!"

Ó pa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó ní òun ò ní yí i, pé ohun tó bá tọwọ́ òun jáde, orúkọ òun ló ń jẹ́. Mo ní kó gbé orúkọ rẹ̀ máa lọ. Ó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo yí i fúnra mi. Wáyà tó wà lọ́tùn-ún, mo gbé e sósì. Èyí tó wà lósì, mo gbé e sọ́tùn-ún. Kò le ju kéèyàn di okùn bàtà lọ. Mo ní kí àbúrò mi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀tún jẹ́ ọ̀tún, òsì jẹ́ òsì. Orin ni mò ń kọ nígbà tí mò ń fọwọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ má wo bí ìwé yìí ṣe rí, omi ṣì ń kán lára mi.

A gbé ọkọ̀ sómi láàárọ̀. Àbúrò mi ní dandan òun á bá mi lọ. Mo gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta síbẹ̀, kí n bá bíríkìlà kan gbé e sọdá. A kúrò létí èbúté, mo fún un níná. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fì sósì, torí pé apá ibẹ̀ ni ìyáàfin àbúrò mi jókòó sí. Mi ò fòyà. Mo tẹ bọ́tìnì. Ó túbọ̀ fì. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò gbọ́wọ́ kúrò. Ó tún fì sí i.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

Kí n tó dáhùn, omi ti gba etí ọkọ̀ wọlé. Sìmẹ́ǹtì ṣubú sápá ibi tí kò yẹ kó ṣubú sí. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Omi ti dé orúnkún wa. Àbúrò mi bọ́ bàtà, ó ń fi í gbọ́n omi, ó ń ké pe gbogbo ẹni tó mọ̀, òkú àti alààyè. Apẹja méjì ló fi okùn fà wá wálé.

Gbogbo èbúté ti tò. Ẹnì kan pariwo pé, "Rọra fẹ́ pa Màmá!" Òmíràn ní, "Ṣé iṣẹ́ tó ń ṣe káàkiri nìyẹn?" Mo gbọ́. Mi ò sọ nǹkan kan. Eyín mi ń lu ara wọn. Wọ́n rò pé òtútù ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Àkọ́bí mi wá bú mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ ti fẹ́ẹ̀ pa Àǹtí. Mo ti sọ fún bàbá yẹn kó wá lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n."

Mo ní kí bàbá yẹn gbé àga dání. Ó máa pẹ́ lórí ìdúró.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Oòrùn mú. Mo sá pọ́ńpù tó ń ti ọ́ìlì sínú ọ̀pá abẹ̀bẹ̀. Mo gbé e sétí bí aago. Kò fọhùn. Omi ti pa á.

Mo wo wáyà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì. Kí ló wá fà á?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọkọ̀ wà lókè. Mo jókòó síbi ìdarí rẹ̀, mò ń wo iwájú bí aṣiwèrè. Àbúrò mi jókòó lórí korobá nísàlẹ̀.

Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn, èwo lẹ tẹ̀?"

"Òsì. Òsì kọ́ ló ń fì sí ni?"

"Irọ́ ni. Ọwọ́ yín ni mò ń wò, torí ó lẹ̀ mọ́ bọ́tìnì. Ọ̀tún lẹ tẹ̀."

A jiyàn títí ọ̀fun fi gbẹ. Ló bá ní, "Ó dáa. Ẹ dijú. Ẹ di ìdarí ọkọ̀ mú. A ti wà lójú omi o, ìgbì ń bọ̀. Ó ń fì sósì!"

Ọwọ́ mi lọ sọ́tùn-ún.

"Ó ń fì sọ́tùn-ún!"

Ó lọ sósì.

A ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ lórí korobá. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ni ọwọ́ mi ti mọ ohun tí Rọra sọ. Kò sọ fún mi rí. Èmi ni mo yí wáyà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Inú ń bí mi pé òótọ́ ni. Ká ní irọ́ ni, ì bá rọrùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ sílé Rọra. Fáànù ẹnì kan ló ń tún ṣe lórí tábìlì. Ó dìde, ó kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ó ní, "Ẹni mẹ́ta ti wá gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ Ajé, Màmá. Wọ́n ní mo fẹ́ pa yín."

Mo ní, "Mo fẹ́ kó o wá wo wáyà yẹn."

"Ta ló yí i?"

"Ṣé o máa wá ni àbí o ò ní wá?"

Ó gba òkè gíláàsì rẹ̀ wò mí. "Mò ń bọ̀ lọ́la. Nítorí orúkọ mi ni o. Kì í ṣe nítorí yín."

Ọ̀rọ̀ pé èmi ni mo yí i wà lórí ahọ́n mi, ó jókòó síbẹ̀ bí oògùn kíkorò. Mi ò lè tu ú, mi ò lè gbé e mì. Mo dágbére, mo lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó wá. Ó yí wáyà padà sí bó ṣe so ó tẹ́lẹ̀. Ó gbé pọ́ńpù àlòkù kan wá, ó sọ iye rẹ̀, mo san án láìyọ nǹkan kan kúrò, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kò sọ̀rọ̀ kankan látàárọ̀ títí tó fi kúrò. Mo fẹ́ kó kàn sọ pé kí n rọra. Kò sọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọ́ìlì ń jò lẹ́sẹ̀ ọ̀pá òsì. Ọjọ́ méjì ló kù. Mo bú ọ̀pá, mo bú ẹni tó rọ ọ́, mo bú ìyá ẹni tó rọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Rọra pààrọ̀ rọ́bà kékeré kan tí kò ju òrùka lọ, ọ́ìlì dá. Gbogbo wàhálà yẹn lórí òrùka rọ́bà.

A gbé e sómi lọ́sàn-án. Atẹ́gùn wà díẹ̀. Nígbà tó fì, mo jẹ́ kí ọwọ́ mi ṣe ohun tó mọ̀, mi ò dá sí i. Ọkọ̀ dúró tẹ́jú bí àkéte. Mo gbé ife omi lé àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò dà.

Nígbà tá a padà dé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń já ẹrù ní, "Màmá, ẹ tún gba Rọra láàyè? Ẹ̀mí yín mélòó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rọra ń ká okùn. Èmi ń wá nǹkan tí kò sọnù nínú àpò mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Obìnrin ni ọ̀gá tí wọ́n rán wá. Kò lè ju ẹni ogójì ọdún lọ, ó gbé ìwé lé pátákó dání, bàtà rẹ̀ mọ́ ju ohun tó yẹ fún èbúté lọ. Àkọ́bí mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá dúró. Àbúrò mi náà wà níbẹ̀, àti gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́.

A gbéra. Ó ní kí n sáré, mo sáré. Ó ní kí n yí i lójijì, mo yí i. Ó lọ jókòó sápá òsì, ó lọ sápá ọ̀tún, ó ń wo bí etí ọkọ̀ ṣe jìnnà sómi. Kò rí nǹkan kan wí. Nígbà tá a dé èbúté, ó dojú bolẹ̀ wo ìdí rẹ̀, ó fọwọ́ kan àwọn bóòtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé tuntun.

"Ìyá, ọkọ̀ yín dára. Àmọ́ mo gbọ́ pé ó fẹ́ẹ̀ rì lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Wọ́n ní oníwáyà kan ló so ó gba òdì. Èwo ni? Mo fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ èrò mọ́."

Gbogbo ojú yí sí Rọra. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Kò wò mí. Ká ní ó wò mí ni, bóyá inú ì bá bí mi, ǹ bá sì dákẹ́.

Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ̀rọ̀, bírò yẹn lè yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Èyí tó so dáa. Èmi ni mo tú u, èmi ni mo yí i. Ó sọ fún mi kí n tó ṣe é. Mo bú u."

Ọ̀gá náà ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ yí i?"

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ."

Ó kọ̀wé, ó pẹ́ tó ń kọ ọ́. Mo dúró, mi ò fara ti nǹkan kan. Nígbà tó parí, ó ní, "Ọkọ̀ yín ò níṣòro, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ níṣòro."

Àbúrò mi ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Mo ti ń sọ ọ́ láti kékeré."

Ìwé àṣẹ ọdún kan ni wọ́n máa ń fún èèyàn. Oṣù mẹ́ta ló fún mi. Lóṣooṣù, Rọra gbọ́dọ̀ wò ó kó sì buwọ́ lùwé, mi ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà. Àkọ́bí mi na ọwọ́ láti bá mi gba bírò. Mo gba bírò náà fúnra mi, mo kọ orúkọ mi jálẹ̀.

Ọmọ náà pe bàbá tó fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì níwájú mi. "Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́, sà. Wọ́n fún ìyá mi ní oṣù mẹ́ta." Ó dún létí mi bí ọ̀rọ̀ tí dókítà ń sọ. Mo gba fóònù, mo sọ fún bàbá náà pé ara mi le, kó wá ẹ́ńjìnnì lọ síbòmíì.

Aago mẹ́rin lù. Èrò mọ́kànlá ló tò fún ìrìn àkọ́kọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo wọn ti gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo dúró nínú ọkọ̀, mo na ọwọ́ láti fà wọ́n wọlé. Kò sẹ́ni tó mú un. Ìyá kan ní ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kánjú kọ́kọ́ wọlé. Kò wá sí ẹni tó ń kánjú mọ́.

Rọra gba àárín wọn kọjá, ó di ọwọ́ mi mú, ó wọlé. Ó jókòó sápá òsì, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lé itan.

Mo ní, "Kí lo ń lọ ṣe lódìkejì?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ẹ máa wà á lọ."

Mẹ́rin tẹ̀ lé e wọlé. Mo gbé èèyàn márùn-ún sọdá.